Omi Gbígbóná fún Nafeesah

Aṣọ ilé-ìwé ni Sẹ̀kínátù ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kékeré kan wà ní Bọ́ládé, níbi tí ariwo ọlọ́jà kì í ti í jẹ́ kí ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ara rẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló wá kọ́ṣẹ́ sí ní Mafoluku, ibẹ̀ náà ló sì ti pàdé Mùktárù, ọmọ àdúgbò, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ara wọn tán, wọ́n kó lọ sí Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, sí fúláàtì kan lókè pátápátá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún wọn, Nafeesah. Kò tíì máa rìn tí wọ́n fi mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èyí tí Sẹ̀kínátù dì mú jù ni pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú un. Bí òtútù bá ti wọ ọmọ náà lára, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, láti itan dé ẹ̀yìn, títí tí kò fi ní lókun láti sunkún mọ́. Láti ìgbà yẹn, omi tútù kò kan ara Nafeesah. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé omi kaná lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí á gbé e láti kíṣínì lọ sí balùwẹ̀, tí á fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó wọlé.

Nígbà tí Nafeesah wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ yọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ti ìkòkò omi híhó. Omi náà bó o lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Mùktárù gbé e lọ sí ọsibítù, nígbà tí wọ́n sì padà dé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó lọ ra hítà omi tòkunbọ̀ kan tó rí roboto bí àgbá, ó sì gbé e kọ́ ògiri balùwẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí Mùktárù ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí á bàjẹ́ nínú ilé tí á jẹ́ kí wọ́n pe oníṣẹ́ sí. Fáànù ni o, ilẹ̀kùn ni o, òun ló ń tún un ṣe, inú rẹ̀ a sì máa dùn bí wọ́n bá yìn ín. Ó fa wáyà hítà náà wá sára súìṣì kan lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó so méjì tó ń gbé iná, ó gé ẹ̀kẹta dànù. Ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n ń pè ní wáyà ilẹ̀, òun ló yẹ kó gba iná tó bá ṣìnà sí ara hítà, kó gbé e wọnú ilẹ̀ lọ kó tó kan èèyàn. Ilé náà kò ní ibi tí wọ́n lè so ó mọ́, Mùktárù sì rò pé kò pọn dandan.

Hítà náà ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Nafeesah parí ilé-ìwé, ó rí iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí ilé, ìrora rẹ̀ sì dín kù débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà lò ní ibùgbé náà níyọ̀ nínú, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ inú hítà náà.

Sẹ̀kínátù ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ó di táàpù mú, nǹkan sì ta á lọ́wọ́ bí ẹni pé ìjàlọ gé e jẹ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Mùktárù fọwọ́ kàn án, ó ta òun náà, ó wá ṣòfin pé bí omi bá ti gbóná, kí wọ́n pa súìṣì kí ẹnikẹ́ni tó wọlé lọ wẹ̀. Wọ́n ń pa òfin náà mọ́. Síbẹ̀, ọkàn Sẹ̀kínátù kò balẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ hítà náà, kí wọ́n ra òmíràn. Mùktárù ní òun máa tú u wò bí òun bá ti ráyè. Àyè náà kò yọ.

Nígbà tó sú obìnrin náà, ó mú Ọlálérè wá sílé. Oníṣẹ́ iná ni Ọlálérè, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti Sẹ̀kínátù. Ó wo hítà, ó wo ibi tí wọ́n ti gé wáyà, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún Mùktárù pé kí wọ́n má tan nǹkan náà mọ́ títí wọn á fi pààrọ̀ rẹ̀. Ojú Mùktárù kọ́rẹ́. Kò dùn mọ́ ọn pé ìyàwó òun mú àlejò wá yẹ iṣẹ́ ọwọ́ òun wò lójú òun.

“Látọjọ́ tó ti wà níbẹ̀,” ó ní, “ṣé iná ti gbé ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí?”

Ọlálérè gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ní oṣù Júláì, òjò kan bẹ̀rẹ̀ tí kò fẹ́ dá. Ìrora Nafeesah tún dé, ó sì mú un mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ wẹ̀. Bàbá rẹ̀ tan hítà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú iná lọ. Nígbà tí iná ti lọ, kò sẹ́ni tó tún rántí súìṣì. Mùktárù wọ balùwẹ̀ láti pọn omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ rẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Sẹ̀kínátù wà ní kíṣínì nígbà tí ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ibùgbé náà hó yèè pé iná ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú.

Ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára táàpù. Bó ṣe ṣe é tí kò sáré dì í mú, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ títí di òní. Súìṣì ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá Adéjùmọ̀, àgbàlagbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn pátápátá, gbọ́ igbe, ó gòkè wá, òun àti àwọn ọkùnrin kan sì gbé Mùktárù sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan fa Sẹ̀kínátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ fún un pé kí wọ́n tó gbé e dé ni ẹ̀mí ti bọ́.

Ilé bàbá Mùktárù ní Mafoluku ni wọ́n gbé òkú lọ, kí wọ́n lè sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Àwọn tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ní kí wọ́n fún àwọn ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Sẹ̀kínátù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó lọ gbé omi kaná. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó dúró ti ìkòkò náà títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n Mùktárù lóbìnrin, Àǹtí Àgbékẹ́, ló ní kí wọ́n fa hítà náà tu lára ògiri kí wọ́n sì gbé e jù nù. Ó kìlọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tún wọ ilé àbúrò òun. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nafeesah kò sunkún nígbà ìsìnkú, kò sunkún nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn èèyàn ní ọmọ náà lọ́kàn akin. Ìyá rẹ̀ wà nínú opó, ó tún ti ń gbé omi kaná bíi ti àtijọ́, á gbé e dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, Nafeesah á gbà á, á ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ìyá kò mọ̀ ni pé ọmọ náà ń da omi gbígbóná náà nù, omi tútù ló fi ń wẹ̀. Nígbà tí ìrora dé lọ́tẹ̀ yìí, ó le ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà sí i lára kó tó lè la ojú. Níbẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ló ti jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe.

“Màámi,” ó ní, “ká ní kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ mi yìí ni, Bàámi kì bá tí wọ balùwẹ̀ yẹn.”

Sẹ̀kínátù fà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà.

“Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ ló pa á. Wáyà tó gé dànù ló pa á. Mo bá a sọ ọ́, kò gbọ́. Inú ń bí mi sí bàbá rẹ, Nafeesah. Ojoojúmọ́ ni inú ń bí mi sí i, mi ò sì lè sọ ọ́ létí àwọn èèyàn rẹ̀.”

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Nafeesah wo ìyá rẹ̀ títí, ó wá na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ kò sí lára rẹ̀ sí i.

Nígbà tí ó parí opó, ibi àkọ́kọ́ tí Sẹ̀kínátù lọ ni ṣọ́ọ̀bù Ọlálérè. Ọkùnrin náà kò rán an létí ìkìlọ̀ rẹ̀. Ó fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé. Hítà kékeré kan wà tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń ṣàn lọ, ṣùgbọ́n iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀, wáyà ilé wọn kò lè gbé e, ẹni tó ń wẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Èkejì ni èyí tó ní àgbá, tó máa mú omi gbóná pa mọ́ sínú, tí èèyàn lè yọ iná rẹ̀ kúrò pátápátá kó tó wọlé lọ wẹ̀. Sẹ̀kínátù ní alágbàá lòun fẹ́, kó kéré, kó sì jẹ́ tuntun, òun kò fẹ́ tòkunbọ̀. Ọlálérè ní òun á fi bẹ́rékà sí i, irú èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá jò. Ó ní bí wọn kò bá ri irin mọ́lẹ̀ fún wáyà ilẹ̀, òun kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Sẹ̀kínátù ní ohun tó gbé òun wá gan-an nìyẹn.

Ibi tí irin náà lè wọlẹ̀ sí ni ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé Bàbá Adéjùmọ̀. Bàbá náà kọ̀. Òun ló gbé Mùktárù sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń lá àlá rẹ̀, ó sì ní wọn kò lè darí iná tó pa èèyàn wá sí ibi tí òun ń sùn sí. Sẹ̀kínátù kò bá a jà. Ó mú Ọlálérè wá bá a, ìyẹn sì ṣàlàyé pé ilẹ̀ á pa iná náà, kò ní wọlé tọ ẹnikẹ́ni. Bàbá náà fetí sílẹ̀, ó ní àwọn máa rí i. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá. Ní àárọ̀ kan, ó rí Nafeesah tó ń fi ọwọ́ di ògiri sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, bí arúgbó. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá ri irin náà.

Àǹtí Àgbékẹ́ gbọ́, ó sì wá láti Mafoluku. Ó ní Sẹ̀kínátù ti gbàgbé ọkọ rẹ̀ kíákíá.

“Mi ò gbàgbé rẹ̀, Àǹtí,” Sẹ̀kínátù wí. “Ọmọ rẹ̀ ni òtútù ń pa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.”

Àǹtí kò wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì tíì padà wá sí ilé náà.

Wọ́n gbé hítà náà kọ́. Ọlálérè fi tẹ́sítà, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà lára nǹkan, kan ara hítà àti táàpù lójú wọn, ó jẹ́ kí Sẹ̀kínátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì bẹ́rékà kó rí i bó ṣe ń já. Síbẹ̀, Nafeesah kò lò ó. Ìyá rẹ̀ kò fipá mú un, ó ṣì ń gbé omi kaná. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an kí ọmọ náà tó ní kí ìyá òun tan hítà, kó sì jọ̀ọ́ dúró ti òun lẹ́nu ọ̀nà.

Sẹ̀kínátù tan án. Nígbà tí omi gbóná, ó pa súìṣì, ó já bẹ́rékà, ó sì wọlé lọ di táàpù mú fúnra rẹ̀. Ó jáde, Nafeesah wọlé. Ó gbọ́ tí omi ń dà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún, ẹkún ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀, tó sì ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó jókòó sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Ọ̀sán ti ń pọ́n kí Sẹ̀kínátù tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bọ́ládé lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà ti dúró dè é títí, wọ́n ti lọ.