Bàbá Mi Tó Ń Ṣa Òkúta Lójú Ọ̀nà Bàálù

Ó di gbére o, Bàbá mi! Àkànní, baba tí kì í pariwo, ẹ ti lọ lóòótọ́. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí ju bí mo ṣe ń sunkún lọ. Ohun tó ń tì mí lójú ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú yín yìí.

Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn ọkùnrin ìlú wa ti fi àdá àti ọkọ́ la pápákọ̀ òfurufú náà nínú igbó, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni. Ọ̀dà dé lẹ́yìn náà, àti ilé gogoro tí wọ́n ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ panápaná kan ṣoṣo, àti gbọ̀ngàn kékeré tí èrò ń jókòó sí. Ìgbà kan wà tí bàálù ò wá mọ́, tí ewúrẹ́ fi gbọ̀ngàn náà ṣe ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ tú ká, àyàfi ẹ̀yin. Àràárọ̀ lẹ ṣì ń rin ojú ọ̀nà bàálù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí ẹ ń ṣa òkúta, tí ẹ ń lé màlúù àti lékèélékèé. Ẹ máa ń wí pé, "Òkúta ńlá ò léwu, ojú á rí i. Kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún." Nígbà tí bàálù padà dé, ọ̀nà mọ́ kedere.

Èmi wá sí Èkó, mo ń gbé Ajégúnlẹ̀, mo ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Wharf Road. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ àwọn ará GRA Àpápá. Nígbà tó bi mí léèrè iṣẹ́ yín, mo ní ẹ̀yin ni ọ̀gá pátápátá ní pápákọ̀ ìlú wa. Mo rò pé irọ́ kékeré ni.

Kí wọ́n tó wá tọrọ mi, bàbá ọkọ mi ní kí ẹ wá kí àwọn. Mo pàdé yín ní ibùdókọ̀ Coconut, ní Àpápá. Yunifọ́ọ̀mù yín lẹ wọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí kò sí aṣọ tó wù yín tó o. Mo ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí agbádá tí mo yá wá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lẹ sì ti pààrọ̀ aṣọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ iṣẹ́ yín fún wọn." Ẹ ní, "Ó dáa, Àbẹ̀kẹ́. Kí wá ni kí n sọ?" Mo kàn fa ọrùn agbádá náà tọ́ fún yín.

Bàbá ọkọ mi bi yín pé, "Ẹ̀yin lẹ wá ń darí gbogbo bàálù yẹn, sà?" Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ní, "À ń ṣọ́ wọn kí wọ́n lè balẹ̀ ní àlàáfíà ni, sà." Ẹ ò purọ́, ẹ ò sì tú àṣírí mi. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣa òkúta kan kúrò lọ́nà ọkọ̀ wọn, ẹ fi í sápò agbádá. Mo fa apá yín: "Bàbá, ojú ń tì mí o!" Ẹ ò tún ṣa òkúta níwájú mi mọ́.

Mo ṣèlérí pé màá gbé yín wọ bàálù láti pápákọ̀ yín. Kì í ṣe torí àìrówó ni mi ò fi ṣe é. Ẹ̀rù ló bà mí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín má lọ kí yín lójú ọkọ mi pé, "Bàbá Olókùúta!" Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ láì wọ bàálù rí.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé yìí ní Ajégúnlẹ̀, mo tún ti kọ "Ọ̀gá Àgbà" síwájú orúkọ yín. Obìnrin atẹ̀wé náà fa àwòrán kan yọ nínú àwọn tí mo kó fún un, èyí tí ẹ ti di ìgbálẹ̀ mú lójú ọ̀nà bàálù. "Àǹtí, this one fine pass o. Ibí yìí nìkan ni Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín." Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Mo ní kó pa oyè yẹn rẹ́, kó fi àwòrán náà síwájú ìwé.

Ọkọ mi, àti ẹ̀yin àna mi tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ forí jì mí. Òkúta ni bàbá mi ń ṣa lójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè dé ilé láyọ̀.

Bàbá, tí a bá ń gbé yín lọ, èmi ni màá ṣáájú pósí. Gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ni màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa, lójú àna, lójú ọkọ. Ẹ balẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹ sùn re o, Bàbá Olókùúta.