Ohùn Bàbá Mi Nínú Ìda

Mo ti dáhùn kí n tó rántí pé bàbá mi ti kú.

A wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ẹdẹ, à ń wo àwòrán tó ń rìn lára aṣọ funfun. Òyìnbó kan dúró létí odò, ó la ẹnu. Ó ti pa ẹnu dé kí ohùn tó jáde látinú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Ohùn bàbá mi ni. Wọ́n pe oríkì tí àwọn nìkan fi ń pè mí.

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Bí òkú bá pe ènìyàn, a kì í dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn. Oyún sì wà nínú mi.

Ọkùnrin ará Èkó tó ni ẹ̀rọ náà fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó bá bàbá mi lóko wọn lọ́nà Sekona, ó ní kí wọ́n ké pe ẹnì kan bí ẹni pé onítọ̀hún wà lódìkejì odò. Èmi ni wọ́n pè. Ó gba ohùn náà sára ìda róbótó kan tí ẹ̀rọ náà fi ń pa ohùn mọ́. Kí òjò tó dé, bàbá ti lọ.

Ọkùnrin náà ní ohùn ń pẹ́ lẹ́yìn ẹnu, òun yóò tún un dán wò ní ìlú Awo àti Òṣogbo títí wọn yóò fi bára mu. Ìyẹn ni pé bàbá mi yóò máa pè mí kiri.

Nínú ilé, ìyá ọkọ mi pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí láìjẹ́ pé ó wà níwájú mi. Orogún mi ní, "Bí iná bá ràn mọ́ ìró rẹ ńkọ́, ṣé ká kọ́kọ́ yí wá síwájú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá wọ ọkọ̀ ojú irin, èmi àti ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́ ní téṣàn pé kí ó pa ohùn náà rẹ́. Ó gbé ìda náà lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Ìyàwó, bí mo bá fá a, kò síbòmíràn láyé tí ohùn wọn wà mọ́."

Ọmọ yí nínú mi.

"Ẹ fá a, ọ̀gá."

Ó fi í sórí ẹ̀rọ, ó ń yí i, ó fi abẹ tì í. Ìda ń já bọ́ wínníwínní. Nígbà tó tún un lù, kò sí nǹkan kan àfi ariwo bí òjò lórí ewé. Mo ṣa díẹ̀ nílẹ̀, mo tún dà á nù.

Bí a ti ń lọ sílé, ọkọ mi pè mí láti ẹ̀yìn. Mo dáhùn láìbojúwẹ̀yìn.