Bí Mo Ṣe Lọ Wo Iṣẹ́ Ìbéèrè Tí Ṣadé Ń Ṣe ní Agége

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo dé ibùdó rélùwéè ní Láfẹ́nwá. Ọmọ mi ọkùnrin, bàbá Ṣadé, ló bá mi gbé agbọ̀n obì mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán mi: kí n lọ wo ohun tí ọmọ rẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ fún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa kò tíì fi àyè Ṣadé fún ẹlòmíràn.

"Bí kò bá jọ iṣẹ́, Ìyá, ẹ mú un bọ̀ wálé," ló wí. "Ta ní ń gbowó oṣù nítorí pé ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè? Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún òfófó ni, ìyàwó Lámídì ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ ọkọ̀.

Ní Ifọ̀, mo ra àkàrà tọ́rọ́ lójú fèrèsé. Ó tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Agége, oko obì kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì ń fojú yan àwọn igi tó so dáadáa. Àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n ti gé àwọn kan lulẹ̀, tí òrùlé páànù gbọọrọ gbọọrọ ti gba ipò wọn. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní títí dé Ìkẹjà ni ìjọba ń pín ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́. Ẹ̀sítéètì ni wọ́n ń pè é: ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin nǹkan sí, àfi ẹ̀rọ.

Ṣadé ti ń dúró dè mí. Ó kúnlẹ̀, ó gba agbọ̀n. Kò rù, bàtà rẹ̀ nìkan ló ti jẹ ní gìgísẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Òní ni ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí pátápátá. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn…"

"A jọ máa wọkọ̀ padà ni," mo ní.

"Ẹ ò tilẹ̀ tíì jókòó, ẹ ti ń mú mi lọ!"

Sóṣíà wẹ́fíà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ìyẹn ni wíwádìí bí aráàlú ṣe ń gbé, kí ìjọba lè mọ ibi tó yẹ kí omi, ilé àti ilé ìwòsàn wà. Nílé tiwa, a mọ ìran gbogbo ẹni tó ń sùn lágbo ilé. Ní Agége, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, yàrá ọ̀tún ń wo yàrá òsì, Ìjẹ̀bú níhìn-ín, Èkìtì lọ́hùn-ún.

Yàrá Ìyá Sùúrà la wọ̀, ará Ìjẹ̀bú tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru níléeṣẹ́ tó ń hun aṣọ. Ọ̀gá Ṣadé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣadé kò béèrè iye ọmọ. Ó ní, "Ẹ bá mi dárúkọ àwọn ọmọ, kí n lè máa fi orúkọ kí wọn." Inú mi dùn. A tọ́ ọ dáadáa.

"Sùúrà ni àkọ́bí," obìnrin náà ní. "Rájì ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Mùnírátù, àti Tàíbátù tó wà lẹ́yìn mi yìí."

Ọwọ́ tí mo fi ń ka obì láti ìgbà èwe mi ti ń ká ìka kọ̀ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi: "Mẹ́rin nìyẹn!"

Obìnrin náà fò dìde, ó fọwọ́ bo orí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló ní kí ẹ kà wọ́n? Ṣé obì lẹ pè wọ́n ni? Ẹ jáde, gbogbo yín!"

Mo wo ojú ọ̀gá náà. Ilẹ̀ ló ń wò. Ṣadé ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Sùúrà. Ìyá bàbá mi ni wọ́n, obì ni wọ́n sì ń tà lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n ka tiwọn náà, kó lè di ọgbọọgba."

Obìnrin náà kọjú sí mi. "Ó yá, ẹ kà á."

N ò ka ọmọ mi sókè rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dán an wò nílé wa. Ṣùgbọ́n mo kà á. "Méje ni mo bí. Mẹ́ta ló kù."

Ó rọra jókòó padà. "Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín."

"Àmín. Tìrẹ náà á pọ̀ ju ohun tí mo kà lọ."

"Ẹ rọra o, Màmá. Yàrá kan ṣoṣo la ní!"

Ẹ̀rín ta. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá Sùúrà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: kànga tó wà lẹ́bàá ṣáláńgá, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, tí òun sì ní láti kó àwọn ọmọ síta kí ọkọ lè rí oorun sùn, òjò ni o, oòrùn ni o, bí òun ṣe pọn Rájì títí dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹjà nígbà tí ibà gbé e dè. Ṣadé ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí a ti dé ibí," obìnrin náà ní, "kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Níta, mo bi ọ̀gá náà: "Bí ẹ bá bi gbogbo ilé tán ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ò ní tán?"

"Màmá, ká tó dé ilé tó kẹ́yìn, àlejò mìíràn á ti kó sí èyí tí a kọ́kọ́ wọ̀. Iléeṣẹ́ ń pọ̀ sí i, gbogbo ìlú ló ń béèrè irú Ṣadé lọ́wọ́ wa, a ò sì rí wọn tó. Kó wá lọ́jọ́ Ajé. Kó sáà ra bàtà mìíràn."

Mo fi obì sílẹ̀ fún Ìyá Sùúrà, n ò kà á. Mo ra búrẹ́dì Agége, mo sì wọkọ̀ padà.

Ọmọ mi ń wo ẹ̀yìn mi ní Láfẹ́nwá. "Ìyá, Ṣadé dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ìbéèrè?"

N ò bá a jiyàn. Nígbà tí a délé, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ọjọ́ tí ara ọmọ yìí gbóná ní kékeré, tí èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sóko obì, báwo lo ṣe ṣe é?"

Ó fọwọ́ ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀: bó ṣe pọ̀n ọ́n bí obìnrin, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, bó ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó ń sunkún. Ó sọ ọ́ títí oúnjẹ fi tutù.

"Ìyá, ẹ ò bi mí rí," ló wí.

"Iṣẹ́ náà nìyẹn," mo ní. "Lọ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó wá ẹlòmíràn. Jẹun."