Fóòmù Inú Táǹkì

Ọ̀gá mi ni mò ń bínú sí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń to ẹ́ńjìnnì yẹn padà. Ẹ má sì retí kí n máa fi "wọ́n" pe ọkùnrin náà. Ọdún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlá ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ọ̀gá mi ò gbà. Tí mo bá fọwọ́ òsì mú sípánà, á gbá a dànù. Kókó tí mo bá ta sára okùn, á ní òdì ló kọjú sí, á ní kí n tú u. Nígbà tó yá, ó gé rọ́bà tííbù, ó fi de ọwọ́ òsì mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa fi ọ̀tún nìkan tú ẹ́ńjìnnì. Àwọn èrò tó ń lọ ìlú Ọ̀rà á dúró, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra nítorí fíríídọ̀mù. Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀gá rẹ ò bá tíì gbàdúrà fún ọ níwájú ẹgbẹ́, kó gbé sípánà lé ọ lọ́wọ́, o ò tíì kọ́ṣẹ́ nìyẹn, bó o tiẹ̀ ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe.

Ọjọ́ fíríídọ̀mù mi pé. Ìyá mi se ìrẹsì, ẹgbẹ́ jókòó, àlejò pé. Ọ̀gá mi na sípánà sí mi. Inú mi dùn débi pé mi ò rò ó rárá, ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á. Yéè! Ó já sípánà náà gbà padà. Ó ní òun ò lè tú ẹni tó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ. Ìyá mi kó ìrẹsì padà sílé, kò sì fi ẹnu kàn án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dì í sínú.

Síbẹ̀, mo ṣí ìsọ̀ tèmi, ẹgbẹ́ sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún bàbá rẹ̀. Oko kòkó bàbá náà wà lẹ́yìn Ọ̀rà lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ò sì gbé e débẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì oní-ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n epo ni, kò ní kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù kan nínú táǹkì ló ń ti epo lọ bá ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bàjẹ́, ọ̀gá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ó tú u palẹ̀, kò mọ̀ ọ́n tò mọ́. Bàbá kó àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì náà sínú àpò méjì, ó ní kí wọ́n ti alùpùpù náà wá bá mi.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ̀ ọ́n."

Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Ọ̀gá mi gbọ́. Ó lọ sípàdé ẹgbẹ́, ó ń pariwo pé ọmọṣẹ́ tí òun ò tú sílẹ̀ ń ba ẹ́ńjìnnì ará ìlú jẹ́. Alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní tí ẹ́ńjìnnì bàbá bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀gá mi á tú mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kí n ti ìsọ̀ mi pa, kí n padà lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Mo fọ táǹkì, mo fọ pọ́ǹpù, mo dá a padà. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo dè, èébú ni mo fi dè é. Mò ń ro bí ojú rẹ̀ á ṣe rí níwájú ẹgbẹ́, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín, títí ìyàwó mi fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù kùn, ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo hó yèè. Bí mo ṣe tẹ iná mọ́ ọn pé kó sáré, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mo ní kó sinmi díẹ̀. Ó tún gbà, mo tún tẹ iná, ó tún kú.

Mo yọ plọ́ọ̀gì, ó ń ta iná dáadáa. Mo yọ ínjẹ́kítọ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo da epo nù, mo lọ ra tuntun nílé epo. Pàbó ló já sí. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú.

"Kòkó ti pọ́n o, ọmọ mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ́ báyìí."

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, mo fa rọ́bà epo yọ lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀, mo kì í bọ ìgò, mo wá so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì tààrà. Epo kọ́kọ́ tú jáde tagbára-tagbára. Nígbà tó yá ó di tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ó ń kán tó, tó, tó. Àṣé ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì! Mo ṣí táǹkì, mo fa pọ́ǹpù jáde.

Fóòmù! Fóòmù ara bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wé e mọ́ ẹnu pọ́ǹpù, wọ́n fi òwú àpò ìrẹsì dè é. Epo ti mú un wú, ó dí ẹnu pọ́ǹpù pa.

Ọ̀gá mi ló kọ́ gbogbo wa níyẹn. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lábúlé máa ń dọ̀tí, nítorí náà a máa ń ki fóòmù sínú táǹkì ọ̀kadà kó lè sẹ́ ẹ. Epo ọ̀kadà ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ pọ́ǹpù ti ní asẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi fóòmù lé e ti pa á. Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ wàyí, ọ̀gá mi! Mo bọ́ fóòmù náà lódidi, tòun ti òwú rẹ̀, torí ẹ̀rí ni. Mo dá pọ́ǹpù padà, mo tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì títí, kò kú. Bàbá ń pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ sá fóòmù sóòrùn ni mo rí kókó òwú náà. Òdì ló kọjú sí.

Èmi ni mo ta á. Nígbà tí mò ń bú ọ̀gá mi lọ́wọ́ iṣẹ́, ọwọ́ mi ti wé fóòmù bó ṣe kọ́ mi, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ rárá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní ta ló mọ̀? Òun ló kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì náà. Òun ló ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá fúnra rẹ̀ ló gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà wọ ìpàdé. Mo gbé fóòmù sórí tábìlì.

"Ẹ wo ohun tí mo bá nínú táǹkì. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n fi ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín bí àwọn ará ọ̀nà Ọ̀rà ṣe fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi dénú egungun, mi ò ní purọ́.

Ọ̀gá mi mú fóòmù náà, ó yí i padà. Ó wo kókó òwú. Ó wo ọwọ́ òsì mi. N kò mọ ìgbà tí mo fi í pamọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, ẹgbẹ́ á mọ̀ pé èmi ni mo dí pọ́ǹpù tí mo sì purọ́ mọ́ ọn, ìsọ̀ mi á tì.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ó wí. Ó ki fóòmù bọ àpò rẹ̀. Ó gbàdúrà, gbogbo wọn ṣe àmín. Ó na sípánà sí mi. Mo na ọwọ́ ọ̀tún.

"Rárá," ó ní. "Èyí tó o fi ń ṣiṣẹ́ ni kó o fi gbà á."

Mo fi òsì gbà á níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ìsọ̀ mi ṣí dòní, sípánà náà wà lórí ògiri. Àmọ́ inú mi ò tíì rọ̀ sí ọ̀gá mi, ó tiẹ̀ tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fóòmù yẹn àti àṣírí mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi yòówù tí mo bá ti pàdé rẹ̀, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.