Ìjókòó Iwájú Nínú Bọ́ọ̀sì Bàbá

Bí òórùn dísù bá ti gba imú mi báyìí, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹdẹ ni mo máa ń rántí. Nígbà tí Bàbá wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, wọ́n ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì ìgboro kan, wọ́n ń tún un ṣe fún ìgbádùn ara wọn. Èmi ni mo fi sánpépà ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún, títí ọwọ́ mi fi bó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ní kó jókòó síwájú.

“Kí ló wà níwájú?” Bàbá ń bi í ṣáá bí a ṣe ń lọ sí Sekona.

“Ọlọ́kadà ni, Bàbá. Ẹ rọra.”

“Èmi náà rí i!” Mo pariwo láti ẹ̀yìn.

“Ìwọ dákẹ́. Ohùn tiẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.”

Mo bú sẹ́kún. Nígbà tí a délé, Bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, wọn ò sì wakọ̀ mọ́ láyé wọn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ojú Bàbá ti ń ṣú, pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, mo ṣì ń jowú rẹ̀.