Omi Àkọ́fà

Ìyá àgbà gbé korobá omi kànga súnmọ́ imú, wọ́n fa òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fà á, wọ́n sì da gbogbo omi náà sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ni. Òórùn erùpẹ̀ tí òjò àná rin ṣì kún agboolé wa nítòsí Ọjà-Ọba. Mo dúró ti Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, létí kànga pẹ̀lú orín lẹ́nu.

"Ẹnikẹ́ni má fi omi yìí kan ẹnu o," ni wọ́n wí.

Ní agboolé wa, bí àgbà bá da omi kànga nù láàárọ̀, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rò ni pé ó ti rí ọwọ́ ọ̀tá níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló kọ́kọ́ jáde. Omi kànga yẹn ló fi ń po ẹ̀kọ tó ń tà.

"Ìyá àgbà, ta lẹ ń fura sí? Ọwọ́ ta lẹ rí nínú kànga?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Imú mi ló ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ fún imú yín kó má ba ọjà mi jẹ́! Wàlláhì, ẹ ò ní gbọ́ ìkíni mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí ìkíni ló gbé àárọ̀ ilé wa ró. Ìró bútà tí Ìyá àgbà fi ń ṣe àlùwàlá ló máa ń jí mi. Lẹ́yìn ìrun, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ṣàà, ṣàà. Ìyá àgbà á fa omi àkọ́fà, wọn á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọn á sè é, wọn á dà á sínú ìkòkò amọ̀. Èyí tó ti tutù láti àná la fi ń fọ ẹnu. Wọn á wá fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, wọn á wo àtẹ́lẹwọ́ mi bóyá àìsàn ń bọ̀. Ìgbà náà ni mo tó lè máa kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu tí kò tíì kan omi kì í kí èèyàn. Lójú tèmi nígbà náà, Ìyá àgbà ò gba ohunkóhun gbọ́, títí kan ilẹ̀ tó ń mọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ láti kí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi omi kànga náà po ẹ̀kọ tútù, ó bù ú mu níṣojú mi, ó sì na igbá náà sí mi. "Gbà, mu. Ṣé èèyàn á fi májèlé sí ohun tóun fúnra rẹ̀ ń mu?" Mo gbà á, mo mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, àrùn onígbáméjì ti dá èmi àti òun dùbúlẹ̀. Ọmọ méjì kú ní agboolé ẹ̀yìn wa. Mo gbọ́ ẹkún wọn láti orí ẹní, mo sì mọ̀ pé ó lè kàn mí. Ìyá àgbà ń fi ṣíbí bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí mi lẹ́nu. "Gbé e mì. Ìwọ kọ́ lo máa ṣáájú mi lọ." Wọ́n gbé ife omi náà kan lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá ẹlẹ́kọ, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì padà.

Àwọn wolé-wolé ló rí i pé ayálégbé kan ti gbẹ́ ṣalángá sẹ́yìn ògiri, òjò sì ń gbá ẹ̀gbin rẹ̀ wọ kànga. Wọ́n dí ṣalángá náà, wọ́n gbọ́n kànga gbẹ, wọ́n da oògùn funfun apakòkòrò sí i.

Mo ti dàgbà báyìí, àdúgbò Fate ni mò ń gbé. Síbẹ̀, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ òórùn omi ilé mi. Àwọn ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, omi inú ọ̀rá náà?" Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí omi tí mo lè fojú nìkan gbà gbọ́.

Nígbà èwe mi yẹn, láàárọ̀ tí àwọn wolé-wolé ní omi kànga ti dára, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan korobá. Ìyá ẹlẹ́kọ, tó ti rù kan egungun, ló fa omi àkọ́fà. Ó gbé e wá síwájú Ìyá àgbà.

"Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ná."

Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n tún gbọ́ ọ. Wọ́n bù ú sẹ́nu, wọ́n fi ṣan ẹnu, wọ́n tu ú dànù, wọ́n sì bu òmíràn mu.

"Ẹnu mi ti mọ́," ni wọ́n wí. "Ó yá, kí mi."

Ìyá ẹlẹ́kọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.