Fíìmù Tí Mo Ṣèlérí fún Màmá Mi

Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ sọ géèmù kan di fíìmù, tàbí eré tẹlifíṣàn tí wọ́n á máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kì í yọ̀, n kì í sì í bínú. Àwọn ọmọ mi ni wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí yóò jáde. Èmi á ní kí wọ́n rọra. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nínú ilé wa pé òun kú nínú géèmù. Àwọn ọmọ tó kù ní Ìkẹ́rẹ́ máa ń pariwo "Mo kú!" bí ẹni ń kí ara wọn, wọ́n á sì fi kún un pé "Ó ku ẹ̀mí méjì." Tiwa ni kí a sọ pé "Mo sinmi." Àkúrẹ́ ni màmá mi ti ṣe òfin yẹn, nígbà tí àbúrò mi ń ṣàìsàn. Ó ní ohun tí èèyàn kò bá fẹ́, kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Òfin náà kò wo àbúrò mi sàn, ṣùgbọ́n ó bá wa dé Ìkẹ́rẹ́.

Ọmọ ọdún méje ni. Ibà ló ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin péré. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, wọn kì í sì í fi sàréè rẹ̀ hàn wọ́n, nítorí náà àwọn ọkùnrin ìjọ ló gbé e lọ láàárọ̀, àwọn ìyá ìjọ sì jókòó ti bàbá àti màmá mi nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó rántí èmi. Mo tẹ̀lé wọn dé ilẹ̀ ìsìnkú, mo dúró sẹ́yìn táǹkì omi ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Wọ́n kó bàbá mi àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì lọ sí Adó, ṣùgbọ́n ilé ṣọ̀wọ́n bí ojú níbẹ̀, ìyẹn la ṣe lọ ń gbé ilé bàbá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, tí bàbá mi ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mò ń pe ilé ní ilé, àwọn ń pè é ní ulé. Géèmù tí a gbé ti Àkúrẹ́ dé ló bá wa parí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó bá fẹ́ di páàdì tí a fi ń ta géèmù mú kì í fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá mi kò dárúkọ àbúrò mi mọ́. Àwọn tó wá kí i ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Á ní ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Omi tí wọ́n ní ó dànù yẹn ló máa ń gba páàdì kejì lọ́wọ́ mi, tó jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n kan nínú àwọn jagunjagun géèmù náà, tí kò mọ ìjà, ló máa ń mú, nítorí ó ní ó jọ wòlíì inú ìwé Sọ́ńdè Sùkúùlù. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ nǹkan nípa rẹ̀, pàápàá màmá mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ní gbogbo ọdún yẹn nìyẹn.

Àbúrò màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí à ń pè ní Bọ̀dá Èkó, ló mú ìròyìn wá nígbà Àjíǹde. Ó ní àwọn òyìnbó ń fi géèmù wa ṣe fíìmù, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní pẹ́ dé. Oṣù bíi mélòó kan la fi jiyàn lé e lórí. Ta ni yóò di páàdì mú? Ọmọ kan tó wá láti Emùré fi bíbélì búra pé àwọn tó ń wò ó ni yóò máa yan ẹni tí yóò jà. Èmi ò bá wọn jiyàn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kàn mí. Mẹ́ta mẹ́ta ni oníkálukú ní nínú géèmù, mo sì rò ó pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe fíìmù rẹ̀ kí wọ́n má fi ìyẹn sí i.

Mo lọ bá màmá mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó tó bá dé. Bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n máa dìde. Mo ṣèlérí fún yín."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, mà."

Ó da òkúta díẹ̀ nù. "Onírùngbọ̀n yẹn ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti ń wò wá láti ọjọ́ yìí. Mo ní òun náà.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìmọ́tótó, Bọ̀dá Èkó fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán awakọ̀ kan. Bàbá mi lọ sí ìpàdé ẹbí ní Ìṣẹ̀. Èmi, màmá mi àti màmá àgbà, ìyá bàbá mi, la jókòó wò ó. Ìdajì àwọn jagunjagun wa kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń jà lọ. Nígbà tó dé àárín, onírùngbọ̀n já bọ́ láti orí afárá kan.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ó ń bọ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sunkún díẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ. Màmá àgbà yíjú sí mi.

"Ùwọ ọmọ yìí, ùgbà wo ni á dìde?"

Mo ní kò ní pẹ́. Ìjà ìkẹyìn wá, ó lọ. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo ṣì ń wò ó, nítorí mo rò pé bóyá lẹ́yìn orúkọ ni. Kásẹ́ẹ̀tì náà dúró fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

N kò lè wo ojú màmá mi. Ojú tì mí. Èmi ni mo bẹ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kó wá jókòó wo irú rẹ̀.

"Kò dìde," màmá mi ní. Kò bínú. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ àbúrò mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ọmọ kó wá jẹun. Ó ní, "O tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Mo rí ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ."

Màmá àgbà wò ó, ó wò mí. Ohun tí a kì í béèrè ni màmá mi fẹ́ béèrè, ó sì yé màmá àgbà kó tó yé mi. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Uṣu mi wà lórí uná," ó ní.

Ẹnikẹ́ni kò dáná nínú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Mo ti ń múra àtisọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà, pé lápá òsì ni, lẹ́bàá ògiri. Màmá mi kò béèrè ìyẹn.

"Ṣé wọ́n fi nǹkan bò ó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Ìró yín kan ni, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ lára.

Ó wá ní láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Àkúrẹ́ ni òun ti ń wá aṣọ yẹn.